Ọpọ́n Kì Í Dá Fọhùn

Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Àwọn ọmọ wà níta fún ìsinmi, ariwo wọn gba gbogbo ọgbà. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, ìyá kan tó ti ń kọ́ni ní Bàọ́lọ́jì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri dìde lórí àga rẹ̀, ó lọ jókòó ti ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ni ní Físíìsì. Èmi wà ní kọ̀rọ̀ kan, mò ń fi àmì sí ìwé ìdánwò, etí mi sì wà lọ́dọ̀ wọn.

"Kọ́pà, gbà mí o. Fídíò ìgbì omi tí o fi han àwọn SS2 lánàá, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣé irú ẹ̀ wà fún ọkàn èèyàn, bó ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ tó sì ń tì í jáde? Báwo lo tilẹ̀ ṣe gbé e dé kíláàsì láìsí dátà?"

"Ó wà, mà. Ilé ni mo ti gbà á sórí fóònù kí n tó máa bọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wá tiyín. Ẹ tẹ ibí yìí, mà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, ẹ kàn fọwọ́ bà á."

Ìyá tẹ̀ ẹ́, ó pòórá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ìpolówó ọṣẹ ló jáde. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Kí agogo tó lù, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta kan ti wà lórí fóònù Ìyá, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tì í, ó tún ṣí i, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè dá a lójú.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù kan ṣoṣo yẹn ló fi kọ́ kíláàsì tó kún bámúbámú. Ó pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Bí ìsọ̀rí kan ṣe ń wo ọkàn tó ń lù, àwọn ìyókù ń yà á sínú ìwé wọn, wọ́n ń retí kí ó kàn wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá yẹn kò ní báńà lára ògiri. Kò sẹ́ni tó pín báàgì, kò sẹ́ni tó gba ìwé-ẹ̀rí, kò sí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú ike. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọ kíláàsì ilẹ̀ wa ní tòótọ́, ibẹ̀ ni kó wò: olùkọ́ kan, olùkọ́ kejì, fóònù kan láàárín wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì

Mo mọ òdìkejì rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kó èmi àti àwọn olùkọ́ láti ilé-ìwé púpọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n ó hàn pé kò dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ rí. Àwòrán ló ń fi hàn wá lára ògiri: kíláàsì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wa béèrè ohun tí òun yóò ṣe bí iná bá lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ọ̀gbẹ́ni náà bá wa rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sórí àwòrán tó kàn. Lọ́jọ́ kẹta, a gba ìwé-ẹ̀rí, a ya fọ́tò, wọ́n sì sọ fún wa pé: "Ẹ lọ kọ́ àwọn tí ẹ fi sílé."

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbà nìyẹn. A ó kọ́ èèyàn díẹ̀ ní olú-ìlú, àwọn yẹn yóò kọ́ àwọn ti ìpínlẹ̀, àwọn ti ìpínlẹ̀ yóò kọ́ àwọn ti ìjọba ìbílẹ̀, títí yóò fi kan tíṣà tó wà ní abúlé. Lórí ìwé, ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹmu tó ti ọwọ́ púpọ̀ kọjá, tí olúkúlùkù ń bomi là díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn, omi tó ń rùn bí ẹmu ló kù nínú agbè.

Èmi náà wà nínú àwọn tó bomi là á. Mo padà délé-ìwé, mo sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú níbi ìpàdé àwọn olùkọ́, mo fi báàgì mi hàn wọ́n. Ó parí síbẹ̀.

Ọpọ́n àti ojúgbọ̀nà

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Ìwé kíkà fún ẹ̀kọ́ 17 wà nínú rẹ̀, àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti WAEC àti JAMB wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èrò wọn sì ni pé kí 150,000 ọmọ ní tiwọn. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀ bí òjò àkọ́rọ̀, ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Ọpọ́n Ifá ni ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ní lọ́kàn, orúkọ náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọpọ́n mọ̀ pé ọpọ́n kì í dá fọhùn. Kí ìyẹ̀rosùn kún orí rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, bí kò bá sí ẹni tó lè tẹ odù, tó sì lè ka ohun tó tẹ̀, pákó lásán ni. Kò sì sí babaláwo tó kọ́ odù ní ọjọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ awo ń gbé ọ̀dọ̀ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń bá a gbé àpò, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń ṣì í, wọ́n ń tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn baba wa tilẹ̀ yan ẹnìkan ti ẹni tuntun, ojúgbọ̀nà, tí yóò máa tọ́ ọ láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò jẹ́ kí oyè náà parun. Oyubona ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ wo àwọn ètò ẹ̀rọ tó ti kọjá ní ilé-ìwé wa láti ogún ọdún sẹ́yìn, láti orí yàrá kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi àgádágodo tì títí dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Lójú tèmi, àìsàn kan náà ló ṣe gbogbo wọn: a máa ń ra ọpọ́n, a kì í yan ojúgbọ̀nà.

Bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́

Ohun ìyanu ni pé àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ di télọ̀ kì í lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí abẹ́rẹ́. Ó ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò kọ́kọ́ gbálẹ̀, yóò lọ aṣọ, yóò ṣe ojú bọ́tìnì, yóò bá ọ̀gá gé aṣọ tí kò ṣòro, kó tó wá dá gé ti oníbàárà. Bó bá gé e ṣì, ọ̀gá wà nítòsí. Mẹkáníìkì, aṣerunlóge, alágbẹ̀dẹ, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe kọ́ ọ. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá gba fíríìdọ̀m, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n, nítorí àdúgbò ti ń wọ aṣọ tó rán láti ọdún tó kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ará Amẹ́ríkà méjì, Bruce Joyce àti Beverly Showers, yẹ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ wò. Wọ́n rí i pé bí olùkọ́ bá gbọ́ àlàyé nìkan, tàbí tó rí i bí ẹlòmíràn ṣe ṣe é, ó ṣọ̀wọ́n kó mú un wọ kíláàsì rẹ̀. Kódà bó bá dán an wò níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, díẹ̀ ló máa ń bá a délé. Ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó ń wò ó bó ṣe ń ṣe é, tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ ibi tó dára àti ibi tó wọ́, ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ náà ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí Joyce àti Showers fi ìwádìí rí, ìyá oníṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà ní òpópónà wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹlẹgbẹ́, tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà? Àkọ́kọ́, ẹlẹgbẹ́ mọ bí ilé rí. Ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú ogójì ni píríọ́ọ̀dù, pé ọmọ ọgọ́ta ló wà níbẹ̀, pé ìdánwò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pé iná ìjọba kò ṣeé gbójú lé. Ohun tó bá fi hàn ọ́, ó ti là á já. Èkejì, ìtìjú kò sí láàárín yín. Olùkọ́ àgbà kan kò lè nàka nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì láti sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìró fóònù. Yóò sọ ọ́ fún ẹni tó jọ ń jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló sì tóbi jù: ẹlẹgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni nǹkan máa ń bàjẹ́.

Ohun tí Urugúáì ṣe

Orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò níwájú gbogbo ayé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, Ààrẹ Tabaré Vázquez ti Urugúáì lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Villa Cardal, ó sì pín kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, nǹkan bí 150 ọmọ. Plan Ceibal ni wọ́n pe ètò náà. Nígbà tí ọdún 2009 fi ń parí, gbogbo ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní orílẹ̀-èdè náà àti àwọn olùkọ́ wọn ti ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Perú, tí kò jìnnà sí wọn, ra irú kọ̀ǹpútà kan náà, ó tilẹ̀ ra púpọ̀ ju ti Urugúáì lọ: ó lé ní 850,000. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ti Báńkì Ìdàgbàsókè àwọn Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ilé-ìwé ìgbèríko 319 níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà ń lò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò àti ìwé kíkà, wọn kò sàn ju àwọn tí kò gbà lọ. Ìrànlọ́wọ́ tí olùkọ́ rí gbà láti so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀kọ́ kéré jọjọ. Wọ́n gbé ọpọ́n kalẹ̀, wọ́n sì ń lọ.

Èmi kò ní sọ pé Urugúáì bọ́ nínú gbogbo ìṣòro yìí, nítorí àwọn náà ráhùn ní ọdún àkọ́kọ́ pé àwọn ọmọ mọ ẹ̀rọ ju olùkọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tó yẹ ká fojú sí. Wọ́n dá ipò tuntun kan sílẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: olùkọ́ alátìlẹ́yìn. Olùkọ́ gidi ni, ẹni tó ti di ẹfun mú bí àwọn yòókù. Kì í ṣe pé ó wá tún ẹ̀rọ ṣe, kì í sì í kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà kí olùkọ́ kíláàsì lè sinmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó ti olùkọ́ kíláàsì, kí wọ́n jọ gbèrò ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kí wọ́n jọ wọ kíláàsì, kí wọ́n jọ kọ́ àwọn ọmọ. Owó oṣù rẹ̀ wà nínú ètò, àkókò rẹ̀ wà lórí táìmù-tébù. Ní kúkúrú, ìjọba yan ojúgbọ̀nà, ó sì sanwó fún un.

Ní ọdún 2012, wọ́n tún gbé e síwájú. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Èdè Spáníìṣì ni èdè wọn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kíláàsì kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n gbé amóhùnmáwòrán ńlá sí kíláàsì, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan láti ibòmíràn, nígbà mìíràn láti orílẹ̀-èdè mìíràn, yóò sì kọ́ àwọn ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì kò jáde. Ó wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ó ń kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó bá di àárín ọ̀sẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún ẹ̀kọ́ náà ṣe pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn tí òun àti olùkọ́ tó wà lókè òkun ti jọ sọ bí yóò ṣe lọ. Olùkọ́ méjì ló ni kíláàsì kan: ọ̀kan mọ èdè, èkejì mọ àwọn ọmọ.

Ìlú Ọba náà rí tirẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé owó ni wàhálà tiwa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣaláìní owó. Láàárín ọdún 1999 sí 2003, wọ́n yọ mílíọ̀nù 230 pọ́ùn láti inú owó lọ́tìrì fún kíkọ́ àwọn olùkọ́ ní lílo kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ tí wọn yóò máa dá kà lórí ẹ̀rọ nílé, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ẹnìkan tó jìnnà tí wọn kò mọ ojú rẹ̀. Ofsted, àjọ tó ń bẹ ilé-ìwé wò níbẹ̀, kò fi bò pé ètò náà kò dé ibi tí wọ́n fojú sùn ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama. Ètò tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn rẹ̀ mú ìrànlọ́wọ́ padà wá sínú ilé-ìwé, sí ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn Estóníà fi ìhà mìíràn hàn. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, Ààrẹ Lennart Meri kéde ètò kan tí wọ́n pè ní Fífò Ẹkùn. Estóníà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Sófíẹ̀tì ni, kò lówó, àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Orí ààrò mẹ́ta ni wọ́n gbé ìkòkò náà kà: ẹ̀rọ àti íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé-ìwé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́, àti ohun èlò ẹ̀kọ́ ní èdè Estóníà. Wọn kò dúró kí wọ́n ra ẹ̀rọ tán kí wọ́n tó rántí olùkọ́. Wọn kò sì gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ èdè àjèjì kó tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá sọ ọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyẹn. Nígbà tí kọ́pà ń kọ́ Ìyá Bàọ́lọ́jì, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. "Ẹ fà á sókè. Ẹ fọwọ́ méjì fẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó yí tán." Ká ní Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìlò ẹ̀rọ ni, a ò ní rí fídíò yẹn lọ́jọ́ náà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí pé èdè wa àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ jọ rìn pọ̀, tó sì yọrí sí rere. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè tirẹ̀. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọn yóò ṣe lò ó. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà wọ́n sàn jù wọ́n lọ. Ohun tó yẹ ká rántí ni pé kò sẹ́ni tó kó ìwé dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kó sì máa lọ.

Lónìí, ohun tí a lè fi Yorùbá ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kéré mọ́. Wikipéédíà ní ẹ̀ka Yorùbá. Láti ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń ṣìnà. Ìwé atúmọ̀ orúkọ wà ní YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kó bi ìyá rẹ̀ nílé bóyá ìtumọ̀ náà tọ̀nà, kó sì padà wá sọ ohun tó gbọ́. Nínú ẹ̀kọ́ kan yẹn, ọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sórí orúkọ.

Ohun tí a lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni

Gíwá tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la kò nílò yàrá kọ̀ǹpútà. Kó ya píríọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kó kọ ọ́ sórí táìmù-tébù gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ Ìṣirò, kí olùkọ́ méjì-méjì jókòó pọ̀. Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀: kí ló máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ níbẹ̀? Ǹjẹ́ àwòrán kan, máàpù kan, ohùn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè là á? Ohun kan ṣoṣo fún ẹ̀kọ́ kan. Kí ọ̀kan kọ́ni, kí èkejì wà lẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ti dátà ńkọ́? Ẹnìkan ṣoṣo ni kó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kó gba ohun tí ogún èèyàn yóò lò. Kiwix, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè gbé odidi Wikipéédíà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa kà á láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Kolibri náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fídíò àti ìdárayá ẹ̀kọ́. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó ní bátìrì tó dára lè sin ilé-ìwé kan. Bó ti wù kó rí, kò tọ́ kí owó dátà máa ti àpò tíṣà jáde. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó ń dáwó kun géètì lè dáwó ra dátà oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ń wò ó pé àbùkù ni kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ ẹni tó tó bí i lọ́mọ. Mo rántí ìparí ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìyá rí fídíò rẹ̀ tán, ó bi kọ́pà bí kíláàsì tirẹ̀ ṣe ń lọ. Ọmọ náà mí kanlẹ̀: "Wọn ò gbọ́ tèmi rárá, mà. Tí mo bá ti kọjú sí pátákó, ọjà ni." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Má pariwo lé wọn lórí mọ́. Dákẹ́, kí o sì dúró ti ẹni tó ń pariwo jù, kí o máa kọ́ni lọ láti ibẹ̀." Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì kọ́pà kọjá, tí mo bá a tó dúró láàárín àwọn ọmọ, tí kíláàsì sì pa rọ́rọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni àgùnbánirọ̀ ń lò. Bó bá lọ tán, tí kò sì sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-ìwé yóò tún padà sí ìdí ẹfun. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún oríire. Olùkọ́ tó máa pẹ́ níbẹ̀ ni kó jẹ́ ojúgbọ̀nà, kí kọ́pà jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tó léwu

Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe omi mímọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Èbólà wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù kálẹ̀ pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àìmọye èèyàn ṣe é, àwọn mìíràn dèrò ilé ìwòsàn, ẹ̀mí sì lọ sí i. Àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Olùkọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ẹni tó kọ nǹkan, ìgbà tó kọ ọ́ àti ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́, yóò kó irọ́ wọ kíláàsì tọkàntọkàn ni. Èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ kọ́: kí ẹnìkan mú ohun tó rí wá, kí ẹnìkejì bi í pé, "Ta ló sọ ọ́?"

Àjàkálẹ̀ kòrónà fi ìhà kejì hàn wá. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kò sí àyè fún sẹ́mínà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, orí fóònù náà ni wọ́n sì ti kọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní fóònù, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn olùkọ́ kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ sẹ́mínà kò kọ́ wọn, nítorí pé wọ́n nílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹlẹgbẹ́ wọn sì wà nítòsí.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Sí ìjọba: kí ẹ tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì tó kàn, ẹ ka iye wákàtí tí ẹ ti rà fún olùkọ́ láti jókòó ti olùkọ́. Bí ó bá jẹ́ òfo, ẹ dá owó náà dúró ná. TRCN, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, lè ka iṣẹ́ olùkọ́ tó ń kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ohun tí yóò fi gbéga, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka sẹ́mínà.

Sí gíwá: píríọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀ ni mò ń tọrọ. Ẹ má fi ìpàdé gbà á.

Sí ìwọ olùkọ́ ẹgbẹ́ mi: bóyá ohun kan ṣoṣo lo mọ̀ lórí fóònù rẹ. Bóyá máàpù ni, bóyá bí wọ́n ṣe ń gba fídíò sílẹ̀ ni. Ó tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́la, nígbà ìsinmi, fa àga rẹ sún mọ́ ẹni tó jókòó tì ọ́, kí o fi hàn án. Lọ́jọ́ kejì, lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀.